Bàbá Káfíńtà Kì Í Jẹ́ Ká Gbé Ìjà Wọ Ọkọ̀

Ẹ má retí pé màá sọ ọjọ́ tí wọ́n bí bàbá mi àgbà, torí àwọn alára ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí báńkì béèrè ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n sọ fún ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni pé ọdún tí eṣú jẹ oko àwọn ni. Ọmọ náà wò mí, èmi náà wò ó. A jọ wá ọjọ́ kan tó dáa, a fi í síbẹ̀. Bí a ṣe jáde, Bàbá tún fìlà wọn dé, wọ́n ní, "Kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ sin mí ò ní béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí mi."

Ẹnikẹ́ni ò sì béèrè lóòótọ́. Àárọ̀ ni wọ́n kú, a sì ti sin wọ́n kí àkókò ìrun Alásárì tó tó. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń wá kí wa nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá Káfíńtà, pé wọn kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo kàn ń wo ẹnu wọn ni. Ta ni wọ́n ń sọ? Ṣé Bàbá Káfíńtà tí èmi Rùkáyá mọ̀, tí wọ́n bá lemọ́ọ̀mù jà nítorí ìlẹ̀kùn, tí wọ́n bá ìyàwó wọn jà nítorí ọṣẹ ìfọṣọ, tí wọ́n sì bá àbúrò wọn kan ṣoṣo yodì fún ohun tó lé ní ogún ọdún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìwà oníwà wọ bàbá mi. Mo nífẹ̀ẹ́ wọn tìjàtìjà, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ máa rántí wọn.

Ìjà lemọ́ọ̀mù yẹn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kúrò nílẹ̀. Bàbá ló kan ìlẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa lọ́fẹ̀ẹ́, inú ni wọ́n sì jẹ́ kó máa ṣí sí. Lemọ́ọ̀mù pe káfíńtà mìíràn, wọ́n ní kó jẹ́ kó máa ṣí síta, kí ààyè lè gbà wá nínú. Odidi oṣù kan ni Bàbá fi tẹ́ ẹní síta tí wọ́n ń kírun lábẹ́ oòrùn. Bí a bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọlé, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún wa: "Ìlẹ̀kùn ilé Ọlọ́run ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ ti èèyàn sẹ́yìn kó tó gbà á wọlé."

Iṣẹ́ káfíńtà yìí ni wọ́n fi tọ́ bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ojú wọn ò rí ìlà tí ayùn ń tọ̀ dáadáa mọ́, wọ́n ní àwọn ti fẹ̀yìntì. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí wọ́n tún kó pákó jọ sí àgbàlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ ojú omi. Àwọn nìkan ló kàn án. Wọ́n fi òwú àti ọ̀dà dí gbogbo ibi tí pákó ti pàdé ara wọn. Wọ́n ra ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí ẹlòmíì ti lò rí lọ́wọ́ Málàmù kan ní Sábó, wọ́n tú u palẹ̀ sórí ẹní, wọ́n tún un tò. Gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ sáà mọ ìlú wa: mángòrò ni, kajú ni, iṣu ni. Kò sí òkun, kò sí ọ̀sà. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Káfíńtà, ṣé Èkó lẹ fẹ́ gbé e lọ ni?" Bàbá ò gbójú kúrò lára ọ̀dà tí wọ́n ń kùn. Wọ́n ní, "Èmi ò wá omi lọ. Omi ló wá bá wa nílé."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Abà tí wọ́n bí wọn sí wà lọ́nà Ìrẹ̀sà, odò kékeré kan sì ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí mo ṣì kéré gan-an ni ìjọba ṣe dáàmù láti sé odò náà. Omi sún sẹ́yìn, ó bo abà, ó bo kànga, ó bo oko ẹ̀gẹ́ àti àwọn igi igbá tí àwọn ìyá wọn ti ń rí irú ṣe. Àwọn ará abà kó lọ sórí ilẹ̀ gíga, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí tuntun síbẹ̀. Adágún omi ńlá ló wà níbẹ̀ báyìí, ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Etí omi náà ni Bàbá gbé ọkọ̀ wọn lọ. Bí àwọn apẹja bá béèrè ẹni tó kọ́ wọn ní ibi tí ẹja wà, wọ́n á ní, "Mo ti fi ẹsẹ̀ rin ìsàlẹ̀ omi yìí kí ẹ tó gbọ́ orúkọ rẹ̀."

Èmi náà dèrò ọkọ̀ nígbà tí mo parí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí n kò ríṣẹ́. Ọdún méjì ni mo fi gbé lọ́dọ̀ Bàbá àti Màmá, ìyàwó wọn. Gbogbo Sátidé la máa ń lọ sórí omi. Bàbá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì, bí wọ́n ṣe ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ya aláìgbọràn, ó sì máa ń yà á dáadáa. Àwọn kan létí omi ń sọ pé kí ni ọmọbìnrin ń wá nínú ọkọ̀, ṣé kì í ṣe pé mo máa lé ẹja lọ? Mo ti ń wá èsì tó máa dùn wọ́n wọra kí Bàbá tó dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹja ò wo ẹni tó mú okùn lọ́wọ́. Ìjẹ ló ń wò."

Wọn kì í fi àwọ̀n pẹja. Ẹja tó ń ṣeré lókè omi, èpìyà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn ò kà wọ́n sí. Ẹja ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń wá, àrọ̀ onírùngbọ̀n àti ọ̀bọ̀kún, tí wọ́n ń fi ikùn wọ́ ilẹ̀ láàárín kùkùté igi igbá. Okùn ìwọ̀ wọn gùn gan-an. Púlọ́ọ̀gì ọ̀kadà tó ti kú ni wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè fà á dé ilẹ̀. Ibi tí apá méjèèjì bá nà dé, wọ́n á so àkísà pupa kékeré kan mọ́ okùn náà, kí wọ́n lè fi ka bí omi ṣe jìn tó. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ ibi tí a wà lórí omi. Bí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí tuntun bá ti bọ́ sẹ́yìn ọ̀pẹ kan báyìí, tí òpó nẹ́tíwọ̀kì sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, a ti wà lórí oko ẹ̀gẹ́ nìyẹn. Bí a bá sún díẹ̀, orí kànga ni. "Ibí yìí ni ìyá mi ti máa ń sá láfún," wọ́n á ní, wọ́n á sì ju ìwọ̀ síbẹ̀.

Èmi, ẹ mọ̀ pé ara mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní tí nǹkan fa okùn lọ́wọ́ mi, mo pariwo, mo fà á sókè fààà. Ẹja náà bọ́. Mo ní mo fẹ́ sunkún. Bàbá gba okùn lọ́wọ́ mi, wọ́n tún ìjẹ fi sẹ́nu ìwọ̀, wọ́n ní, "Ẹja òkè lèèyàn ń fi ìkánjú mú. Ti ìsàlẹ̀ yìí, o ní láti jẹ́ kó gbà ẹ́ gbọ́."

Ìjẹ yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé. Àwọn apẹja yòókù ń lo ekòló. Bàbá ní ọṣẹ ìfọṣọ ni àrọ̀ fẹ́ràn, òótọ́ sì ni, mo fi ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ta ni? Ọṣẹ Màmá ni. Màmá á ra ọṣẹ gbọọrọ lọ́jà, wọ́n á fi pamọ́ sínú ìkòkò, sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sínú àpò gàrí, Bàbá á rí i. Bí ọjọ́ ìfọṣọ bá fi máa pé, èérún ló kù. Lọ́jọ́ kan Màmá dúró láàárín àgbàlá, wọ́n gbé aṣọ ìdọ̀tí lérí, wọ́n ké kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Bàbá Káfíńtà, ẹja yín mọ́ ju ọmọ yín lọ!"

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀ náà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ìjà wọ inú rẹ̀. Kí Bàbá tó jẹ́ kí o gbé ẹsẹ̀ lé pákó, wọ́n á wò ẹ́ lójú, wọ́n á ní, "Ta lò ń bá jà?" Bó bá jẹ́ pé ẹni tí ẹ jọ fẹ́ wọ ọkọ̀ ni, ẹ máa parí rẹ̀ létí omi. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì, o máa sọ ọ́ síta kó lè kúrò níkùn rẹ, lẹ́yìn ìyẹn ni wàá tó wọlé. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi rín. Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ lèyí àbí kóòtù?" Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ tó kéré báyìí, bí ẹni méjì ò bá bá ara wọn sọ̀rọ̀, ta ló máa sọ fún ìkejì pé omi ń wọlé?"

Ẹni tí òfin náà mú jù ni Màmá. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní àwọn fẹ́ bá wa lọ, àwọn fẹ́ wo ohun tí ọṣẹ àwọn ń ṣe lórí omi. A dé etí omi. Bàbá béèrè ìbéèrè wọn. Màmá ní, "Ta ni mo tún fẹ́ máa bá jà bí kò ṣe ẹ̀yin?" Bàbá ní kí wọ́n sọ ọ́. Háà! Màmá jókòó sórí gbòǹgbò igi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọṣẹ. Láti orí ọṣẹ wọ́n bọ́ sórí aṣọ kan tí Bàbá ṣèlérí nígbà tí wọ́n bí bàbá mi. Láti ibẹ̀ wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ tí ìyá Bàbá sọ sí wọn ní ìyàwó ọ̀ṣìngín. Oòrùn kúrò lápá kan, ó bọ́ sápá kejì. Bàbá ń gbọ́, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ní "òótọ́ ni" níbi tó bá jẹ́ òótọ́, wọ́n ń ní "ìyẹn kọ́" níbi tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Màmá parí, kò sí ẹja kankan tó tún fẹ́ jẹun lọ́jọ́ náà. Bàbá fà wọ́n lọ́wọ́ wọnú ọkọ̀, a kàn wà wọ́n yípo, a dá wọn padà. Bí a ṣe ń lọ sílé, Màmá ní, "Èmi ò tíì sọ tán o, ṣùgbọ́n mo ti sọ èyí tó wúwo."

Ibì kan wà lórí omi náà tí Bàbá ò jẹ́ ju ìwọ̀ sí. Bí a bá ti ń sún mọ́ ọn, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹnu wọn á máa mì. Mo rò pé ẹja tó ń bẹ níbẹ̀ ni wọn ò fẹ́ lé. Ìgbà tí mo béèrè ni wọ́n ní, "Bàbá mi ló wà níbẹ̀." Ẹ̀yìn ilé ní abà àtijọ́ ni wọ́n sin baba ńlá mi sí, omi sì ti bo sàréè náà mọ́lẹ̀.

Orí sàréè yẹn ni ìjà ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹbí wa ṣe ń sọ ọ́ nìyí. Nígbà tí lẹ́tà ìjọba dé pé omi ń bọ̀, àbúrò Bàbá, Bàbá Tísà, tó mọ̀wé jù nínú wọn, ni ẹbí fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ pé kí wọ́n gbé òkú bàbá wọn kúrò níbẹ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti bá àwọn àlùfáà sọ ọ́, wọ́n ti ra aṣọ funfun. Ni Bàbá Tísà bá fi falẹ̀ di ẹ̀yìn Iléyá. Òjò ńlá rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọdún, nígbà tí wọ́n fi máa dé abà, omi ti bo gbogbo rẹ̀. Ẹbí sọ̀rọ̀ sí Bàbá Tísà bí ẹni sọ̀kò. Bàbá Káfíńtà ò sọ nǹkan kan ní tiwọn, wọ́n kàn dẹ́kun bíbá àbúrò wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀ lójú wọn, wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ omi nìyẹn."

Bó ṣe rí nìyí nígbà tí mo ríṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́. Ibo ni màá gbé? Ilé Bàbá Tísà náà ni, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Àwọn méjèèjì ò jọra rárá. Bàbá Tísà ń lọ síńgílẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Tíì wọn ní àkókò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ṣé ẹ gba orí ibẹ̀ kọjá?" Bí mo bá ní a gbà á, wọ́n á mi orí, wọ́n á padà sídìí ìwé ìròyìn wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n là á fún mi. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ló kù tí àwọn ń wá láyé yìí: kí àwọn dúró lórí bàbá àwọn kí àwọn tó kú, kí àwọn tọrọ àforíjì fún wọn níbẹ̀. "Mo háyà apẹja kan lẹ́ẹ̀kan," wọ́n ní. "Ó gbé mi yí omi náà po. Mo ní níbo ni abà wà? Ó ní, 'Alàgbà, gbogbo ẹ̀ omi ni.'"

Bàbá Káfíńtà nìkan ló mọ ibẹ̀, Bàbá Tísà sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ga. Mo bẹ Bàbá títí ahọ́n mi fẹ́ bó. Mo ní ẹ kàn gbé wọn débẹ̀, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀. Mo ní kí Màmá dá sí i, Màmá náà bẹ̀ títí. Nǹkan kan náà ni: "Kó lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀."

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ní Sátidé kan tí a wà lórí omi, Bàbá pa ẹ́ńjìnnì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ẹnu wọn ń mì. Ẹnu mi sì kọ̀, kò gbọ́ tèmi mọ́. Mo ní, "Bàbá, òfin ọkọ̀ yìí, ṣé àwa nìkan ló wà fún ni?"

Wọ́n ní, "Òfin wo?"

"Ẹ̀yin alára ńkọ́? Ta lẹ̀ ń bá jà?"

Wọ́n wò mí. Mo ti mọ̀ pé mo ti sọ ọ̀rọ̀ tó ju ẹnu mi lọ. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n yí ọkọ̀ padà, a lọ sílé láìmú ẹja kan. Màmá ní odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn ò fi dárúkọ omi. Lọ́jọ́ kẹwàá, Bàbá pè mí lórí fóònù. Wọn ò tilẹ̀ kí mi. Wọ́n ní, "Mú Músílíù wá ní Sátidé. Kó má wọ bàtà onílẹ́ẹ̀sì."

Músílíù ni Bàbá Tísà. Ẹ wò ó, bàtà onílẹ́ẹ̀sì náà ni wọ́n wọ̀. Aṣọ funfun, fìlà funfun, búútà omi àlùwàlá lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rí Bàbá létí omi, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn. Bàbá ní kí wọ́n dìde. Wọ́n dìde. Mo ti wọ ọkọ̀ ní tèmi, mo ń dúró kí Bàbá béèrè ìbéèrè wọn. Bàbá ò béèrè. Àwọn fúnra wọn ló jókòó sórí gbòǹgbò tí Màmá jókòó sí níjọ́sí.

"Músílíù," wọ́n ní, "ọjọ́ tí o wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, o ní kí á lọ gbé Bàbá lọ́jọ́ kejì. Èmi ni mo ní ó di lẹ́yìn Iléyá. Mo ní èmi ni mo mọ odò yẹn, pé kò lè tètè dé. Ìlẹ̀kùn kan ni mo fẹ́ kàn parí kí ọdún tó dé. Ìlẹ̀kùn! Nígbà tí ẹbí ń pariwo lé ọ lórí, mo dákẹ́. Nígbà tí mo ti dákẹ́ lọ́jọ́ kìíní, mi ò mọ bí mo ṣe máa la ẹnu mọ́. Mo wá ń bínú sí ọ, torí gbogbo ìgbà tí mo bá rí ọ ni mo ń rántí."

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Irọ́ ni. Ẹ ò rí ojú bàbá mi àgbà lọ́jọ́ náà.

Bàbá Tísà ń wo búútà ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ṣebí èmi lẹ sọ ọ́ fún."

"O ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí n dìde láàárín ẹbí, kí n ní ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ̀bi? Ẹ̀yin lẹ rán mi lọ síléèwé."

Mo ń sunkún nínú ọkọ̀, mo ń fi ìborí nu imú. Bàbá Káfíńtà ò dìde. Ó jọ pé wọn ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí ọkọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kàn. Bàbá Tísà ló na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ wọ ọkọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Oòrùn ń mú."

Èmi ni mo wa ọkọ̀. Mọ́ṣáláṣí bọ́ sẹ́yìn ọ̀pẹ, òpó nẹ́tíwọ̀kì yọ, mo pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá yọ ìwọ̀ kúrò lára okùn, ó ku púlọ́ọ̀gì nìkan. Wọ́n rọra jẹ́ kó máa lọ sísàlẹ̀, àwọn àkísà pupa ń wọmi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ilẹ̀, wọ́n gbé okùn náà sí àbúrò wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ilé nìyẹn." Bàbá Tísà di okùn náà mú, wọ́n ṣàdúà, ó pẹ́. Bàbá ń ṣàmín.

Láti ọjọ́ náà, oṣooṣù ni Bàbá Tísà ń wá, wọ́n sì wá mọ ìwọ̀ jù ju ẹni tó kọ́ wọn lọ. Wọ́n mú àrọ̀ kan tó gùn tó apá mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń sọ ọ́ ní Akẹ̀sán, ẹja náà sì ń gùn sí i lójoojúmọ́. Nígbà tí Bàbá gbọ́, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ó ti dákẹ́ tó."

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ dùn ún dúró. Ṣùgbọ́n ó ku ìkan.

Ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá ọdún yìí tó pé, Bàbá pè mí. Wọ́n ní kí n wá ní Sátidé, ká lọ sórí omi, ibì kan wà tí àwọn ò tíì fi hàn mí. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi wà níwájú mi, mo ń máàkì, orí ń fọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, ó di lẹ́yìn Iléyá."

Wọ́n wá rẹ́rìn-ín kékeré kan. Wọ́n ní, "Lẹ́yìn Iléyá. Ó dáa."

Mo ti gbé fóònù sílẹ̀, mo ti máàkì ìwé mẹ́ta sí i, kó tó wọ̀ mí létí, ohun tí mo sọ. Mo pè wọ́n padà, kò lọ. Mo ní màá pè lọ́la. Ọ̀la dé, iṣẹ́ gbà mí. Ó ku ọjọ́ méjì kí Iléyá pé ni wọ́n sùn tí wọn ò jí. Ibi tí wọ́n fẹ́ fi hàn mí, mi ò ní mọ̀ ọ́n mọ́ láéláé. Inú omi ńlá yẹn ló wà, gbogbo ẹ̀ sì ni omi.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, Bàbá Tísà ní ká lọ. Màmá fi ọṣẹ gbọọrọ tuntun kan lé mi lọ́wọ́. A dé etí omi. Òjò ṣú, afẹ́fẹ́ tutù, kò sí ìtànṣán oòrùn kan níbì kankan. Mo tú okùn ọkọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí n wọlé.

Bàbá Tísà fi ọ̀pá wọn dábùú níwájú mi. Wọ́n ní, "Ta lò ń bá jà?"

Mo ní, "Kò sí, Bàbá."

Wọn ò gbé ọ̀pá náà kúrò.

Mo bá jókòó sórí gbòǹgbò, mo sọ ọ́. Mo ní ara mi ni mò ń bá jà. Mo sọ ti fóònù, mo sọ ti ìwé ìdánwò, mo ní wọ́n ní kí n wá, mo ní ó di lẹ́yìn Iléyá, mo ní wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi tán. Bàbá Tísà gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n gbé ọ̀pá kúrò, wọ́n na ọwọ́ sí mi lábẹ́ òjò tó ti ń kán.

Wọ́n ní, "Wọ ọkọ̀, ọmọ mi. Oòrùn ń mú."

Mo wọ̀ ọ́.